Káàdì Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Tíkẹ́ẹ̀tì Màmá

Káàdì kọkànlá ni Kàfáyàtù ń ha lọ́wọ́. Kọ́ìnì kan ló fi ń ha á, díẹ̀díẹ̀, kí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọ̀dà fàdákà náà má baà bá a lọ. Bó bá ti ha ọ̀kan tán, yóò gbá ìdọ̀tí rẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ kan, yóò tẹ nọ́ńbà gígùn iwájú sórí kọ̀ǹpútà, yóò tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ha jáde tẹ̀ lé e, yóò sì dúró. Ọgọ́rùn-ún dọ́là mìíràn á bọ́ sínú àpamọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Yóò fi bírò fa ilà kan sójú káàdì náà, yóò gbé e sápá òsì. Èyí tí kò tíì ha wà lápá ọ̀tún. Kì í jẹ́ kí méjèèjì dà pọ̀.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé ni. Ilé dákẹ́. Jìbírílù ọkọ rẹ̀ ti wa tírélà lọ sí Ohio láti àná. Mutmainnah ọmọ rẹ̀ àgbà wà níbi iṣẹ́, Daud àbúrò rẹ̀ wà ní ilé kéú. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Kàfáyàtù gbọ́dọ̀ wọlé sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Hyde Park. Kì í wa mọ́tò lọ síbẹ̀, nítorí owó ibi tí èèyàn ń gbé mọ́tò sí tó jẹun ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń wọ̀ láti Matteson, ti aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọdún kẹfà rèé tó ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Ilé ìtajà oúnjẹ tó wà nítòsí wọn ń ta káàdì ọgọ́rùn-ún dọ́là tí èèyàn lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì àti káàdì ọjọ́ ìbí. Báńkì rẹ̀ sì ń dá dọ́là mẹ́fà padà lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tó bá ná ní ilé ìtajà oúnjẹ. Báńkì kì í bèèrè bóyá ìrẹsì ló rà ńbẹ̀ tàbí káàdì. Ẹni tó bá lọ san owó tààrà fún ọkọ̀ òfuurufú, lójú Kàfáyàtù, ó da dọ́là mẹ́fà sí kòtò lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, kò sì ní bojú wẹ̀yìn. Owó tó padà báyìí ló fi ra àpótí méjèèjì tí òun àti Jìbírílù gbé lọ sí Úmúrà.

Wàhálà ibẹ̀ kò ju ti ẹnu káńtà lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tó kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ̀nyí síwájú ọmọbìnrin tó ń gbowó, ọmọ náà wo káàdì, ó wo híjáàbù rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Mà, ṣé ẹnì kan ló pè yín lórí fóònù pé kí ẹ wá ra gbogbo èyí?"

"Rárá. Ìyá mi ni mo fẹ́ fi gbé wá."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ìyá yín ni?"

"Òun ló bí mi. Mi ò lè ṣe ẹlẹ́rìí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Kàfáyàtù mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń rò: bóyá àwọn kan ń lu òun ní jìbìtì, tàbí òun gan-an ló ń lu ẹlòmíràn. Ó dúró fún ìṣẹ́jú méjìlá. Kò janpata. Ó ti mú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà ìyá rẹ̀ dání.

Ṣùgbọ́n owó tó fi ra káàdì yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ti Afeezat ni.

Afeezat ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọdún mẹ́tàlá ni Kàfáyàtù fi jù ú lọ. Apoògùn ni, Olympia Fields ló ń gbé pẹ̀lú Awwal ọkọ rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Dókítà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ni yóò bí. Màmá ń bọ̀ láti Ìwó wá wẹ ọmọ náà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Afeezat fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ dọ́là ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò lé, kò dín, bí ẹni tó ń sanwó búrẹ́dì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi ọgbọ́n káàdì yín rà á. Ohunkóhun tó bá padà, tiyín ni. First week of May ni mo fẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti ń gbóná nínú Kàfáyàtù. Ó ti sún ríra tíkẹ́ẹ̀tì náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń retí kí owó tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, nígbà tí òun lóyún Mutmainnah, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Ó jẹ gàrí, ó fẹsẹ̀ rìn, títí ó fi tu ẹgbẹ̀fà dọ́là jọ, ó fi ránṣẹ́ sí Ìwó kí Màmá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Fíísà ti wà nínú ìwé ìrìnnà Màmá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màmá pè é.

"Kàfáyàtù, wọ́n ti mú Afeezat ní yunifásítì. Iṣẹ́ apoògùn ni wọ́n fún un. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni gbèdéke owó. Mo ti mú owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn san án. Ilé ìwé ò ní í dúró dè wá. Ọmọ tìrẹ á dúró dè mí."

Ọmọ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bí Mutmainnah ni Kàfáyàtù wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ nínú abọ́ rọ́bà, ojú abẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná, omi wọ ọmọ náà létí. Kò sí ẹni tó na ọmọ náà lápá. Kò sí ẹni tó fi òróró wọ́ ọ lórí. Kò sí ẹni tó rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná láti fi jó ikùn ìyá ọmọ. Nígbà tí idodo ọmọ já, ó gbé e sórí bébà kan, ó sì wò ó pẹ́, nítorí kò mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe sí i.

Kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Afeezat rí. Afeezat kàwé tán, ó wá sí Amẹ́ríkà, owó oṣù rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Òun náà ni Màmá tún ń bọ̀ wá bá.

Ọjọ́ méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ dọ́là. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ẹgbẹ̀fà. Kàfáyàtù ti ń wo wọ́n láti àárọ̀. Bí Màmá bá dé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, idodo ti já, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, ìwẹ̀ tó le jù lọ ti kọjá. Afeezat yóò ti dá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là náà á sì kù lọ́wọ́. Ta ni yóò bá èèyàn wí nítorí pé ó fi ọ̀ọ́dúnrún dọ́là pamọ́? Àwíjàre náà mọ́ tónítóní, kò sí ibi tí èèyàn lè gbà rí ìdọ̀tí lára rẹ̀. Nítorí ìyẹn gan-an ni kò ṣe fọkàn tán an.

Ó gbé káàdì kọkànlá sápá òsì. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ má ní kí n kúnlẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, ẹ̀yin lẹ máa pe fire department."

Afeezat ni. Ó gbé ikùn síwájú, ó gbé ike oúnjẹ sọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló ní kó o kúnlẹ̀? Jókòó. Kí lo gbé wá?"

"Mọ́ínmọ́ín. Mo rà á lọ́wọ́ Ìyá Adéòkè."

"O ra mọ́ínmọ́ín? Kò sí ẹ̀wà nílé yín?"

"Ẹ̀wà wà. Ta ló máa bó o, èmi àbí ẹni tó wà nínú mi?"

"Ọ̀sẹ̀ tí mo bí Mutmainnah, mo bó ẹ̀wà."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ ọ́ lọ́dún Iléyá, ẹ sọ ọ́ níjọ́ ìgbéyàwó mi. Ẹ̀wà yẹn yẹ kó ti hù báyìí." Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ wíwú méjèèjì. "Ẹ gbọ́, Awwal ti ra stroller. Ẹgbẹ̀rin dọ́là."

"Ẹgbẹ̀rin? Ṣé ó máa ń fò ni?"

"Ó ní suspension."

"Ọmọ tí kò tíì ní eegun ọrùn, kí ló fẹ́ fi suspension ṣe?"

Afeezat rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ẹ̀rín rẹ̀ dà bíi ti Màmá, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ìyẹn náà wà lára ohun tó máa ń dun Kàfáyàtù. Ẹ̀rín tirẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí first week?"

Kàfáyàtù mú káàdì kejìlá, ó gbé kọ́ìnì lé e. Kò gbójú sókè.

"Kò sí àyè mọ́ lọ́jọ́ kẹrin. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù."

Afeezat ka ọjọ́ lórí ìka. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

"Twenty-fifth. Idodo ti máa já nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A ti máa sọ ọmọ lórúkọ."

"Èmi àgbà wà ńbẹ̀."

"Ta ló máa wá wẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìwọ. Ọwọ́ méjì lo ní. Ta ló wẹ Mutmainnah?"

Ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Kọ́ìnì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," Afeezat wí pẹ̀lẹ́.

"Èmi náà ni."

"Ó dáa. Bí Ọlọ́run bá ṣe fẹ́." Ó di tábìlì mú, ó dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, kí n tún na ẹ̀yìn díẹ̀ sórí sófà. Mi ò sùn lóru àná."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí ó lọ ni fóònù Kàfáyàtù dún. Màmá ni, iwájú orí rẹ̀ nìkan ló hàn nínú àwòrán.

"Màmá, ẹ rẹ fóònù náà sílẹ̀ díẹ̀. Mi ò rí yín."

"Ṣé o rí mi báyìí? Wo ẹrù mi. Kànrìnkàn tuntun rèé. Ọṣẹ dúdú rèé, àdín rèé. Ṣé wọn ò ní í gbà á lọ́wọ́ mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú?"

"Ẹ kó o sínú àpótí ńlá, Màmá. Ẹ má gbé e dání."

"Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù pé Kàfáyàtù ọmọ mi ló ń gbé mi lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ṣàdúà fún ọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀."

Kàfáyàtù gbé kọ́ìnì sílẹ̀. "Èmi kọ́, Màmá. Afeezat ló sanwó."

"Afeezat ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Màmá, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún yín lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tí ẹ fi rán mi nílé ìwé, òun lẹ máa wọ̀ wá.' Ó ní tìrẹ ni, òun kàn ń dá a padà ni."

"Ta ló sọ fún un?"

"Èmi ni. Níjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó sunkún tó fi ba àtíkè ojú rẹ̀ jẹ́." Màmá gbé fóònù súnmọ́ ojú, imú rẹ̀ gba gbogbo àwòrán. "Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi bá ìwọ sọ ọ́. Mo rò ó nígbà náà pé Kàfáyàtù le, á ṣe é."

"Mo ṣe é, Màmá."

"Mo mọ̀ pé o ṣe é. Ṣé ọjọ́ kẹrin yẹn ṣì ni? Mo fẹ́ dágbére fún àwọn èèyàn."

"Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Kò rí ìtùnú kankan nínú ohun tó gbọ́. Owú náà wà níbẹ̀, ó kàn yí ìjókòó padà ni. Ọmọ yìí ti gba ìyá, ó gba ilé ìwé, ó gba ẹ̀rín ìyá. Ó tún wá gba ìwà rere, ó san gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí ló kù fún àgbà láti ṣe? Irọ́ ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ló kù. Òun náà ti pa á, ó sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, nítorí pé bí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló wá fi ń dá Màmá dúró ní Ìwó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó yí ojú sí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kẹrin ṣì wà. Ìjókòó méjì ló kù níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ti fi ogójì dọ́là lé sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha káàdì. Kò ha wọ́n díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ìkejìlá wọlé. Ìkẹtàlá wọlé. Ìkẹrìnlá ló fi agbára ha jù, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́fà: ọ̀dà ṣí tòun ti nọ́ńbà ìkẹyìn. Ó gbé káàdì náà sí ojú fèrèsé, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́jọ. Bí èèyàn bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ti káàdì náà pa. Ó tẹ mẹ́ta. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ó nu ìka rẹ̀ nídìí aṣọ, ó ní "Bìsìmìlláì," ó tẹ mẹ́jọ. Ọgọ́rùn-ún dọ́là wọlé.

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún wọlé. Ó ṣí ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀, ó kà á padà lẹ́ẹ̀mejì. Ogójì dọ́là tó ṣẹ́ kù, ó san án láti inú àádọ́rùn-ún tí báńkì dá padà. Orí ogójì yẹn, kò sí kọ́bọ̀ tó máa padà sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjókòó méjì náà ti di ọ̀kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà; ó wò ó, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀.

Nígbà tí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ló fi ránṣẹ́ sí fóònù Màmá. Aago ti di méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó kírun Àílà, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sófà.

"Afeezat. Dìde, má fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kò dáa fún oyún."

"Mmm. Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti rà á. Ọjọ́ kẹrin."

Afeezat la ojú. "Ẹ ní kò sí àyè."

"Àyè wà. Àtàárọ̀ ni àyè ti wà."

"Mo mọ̀," Afeezat wí. "Mo wò ó lórí fóònù mi nínú mọ́tò, kí n tó wọlé."

Kàfáyàtù dúró. Bàtà iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O mọ̀, o sì jókòó wò mí lójú báyẹn? Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ ni tíkẹ́ẹ̀tì."

Kàfáyàtù jókòó sí etí sófà, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kan, ó so ó, ó tún tú u, ó tún un so.

"Ogójì dọ́là ni ìdákẹ́ rẹ yẹn ná wa," ó wí níkẹyìn. "Nígbà mìíràn, sọ̀rọ̀ kí owó tó gbéra."

"Yes, ma."

"Má fi yes ma ṣe mí. Àti pé, ọ̀sẹ̀ tí Màmá bá dé, mo máa gba off. Ilé rẹ ni mo máa máa jí wá láràárọ̀."

"Ẹ fẹ́ wá ran Màmá lọ́wọ́?"

"Rárá. Mo fẹ́ jókòó kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Afeezat na ọwọ́ sí i. Kàfáyàtù kò mọ ohun tí èèyàn ń fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, ó dì í mú, ó fà á dìde jókòó bí aláìsàn, ó sì ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn.

Ó padà sórí tábìlì. Ó to káàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà jọ, ó fi rọ́bà dì wọ́n, ó jù wọ́n sínú agolo Mílò tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ní í dà wọ́n nù títí Màmá á fi balẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti gbéra, orí káàdì wọ̀nyí ni owó á padà sí. Ó da ìdọ̀tí fàdákà inú àwo sínú garawa, ó fọ àwo náà. Ó mú mọ́ínmọ́ín méjì nínú ike Afeezat, ó wé wọn sínú àpò oúnjẹ rẹ̀.

"Ti ilẹ̀kùn bí o bá ń lọ," ó wí. "Má tan iná sílẹ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló kù kí ọkọ̀ dé. Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì yára lọ sí ìdíkọ̀.